Ọ̀fẹ́ àti Òmìnira: Èmi àti Linux ní Bódìjà

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Wọn kò sọ ohun tí ènìyàn yóò ṣe bí ilé bá ti wo orúkọ náà tán, tí wọ́n sọ ọmọ bẹ́ẹ̀, tí ọmọ jẹ́ orúkọ náà títí ó fi dàgbà tí ó sì darúgbó, tí ẹ̀rọ kan wá kọ̀ láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ojú mi rí nìyí ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, nígbà tí ìyá mi papò dà, tí mo jókòó sí yàrá mi ní Bódìjà láti ṣètò ìwé ìsìnkú rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì rẹ̀. Mo kọ ọ́ tàmì-tàmì lórí ẹ̀rọ ayárabíàṣá mi, mo sì gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Àgbowó. Nígbà tí wọ́n ṣí i lórí ẹ̀rọ tiwọn, ohun tí mo rí kì í ṣe orúkọ ìyá mi. Àpótí kékeré kan jókòó lẹ́yìn lẹ́tà ẹ àkọ́kọ́, òmíràn jókòó lẹ́yìn èkejì, bí ẹni pé eyín méjì ti ká lẹ́nu orúkọ náà.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí mo bá ní kí n ròyìn bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibẹ̀, mo ní láti padà sẹ́yìn díẹ̀, sí ọdún 2006.

Iṣẹ́ mi ni títún ìwé Yorùbá ṣe kí wọ́n tó lọ fún títẹ̀. Ẹ̀rọ tí mo ní nígbà náà jẹ́ àlòkù tí mo rà ní Dùgbẹ̀. Windows tí ó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni sanwó fún. Ẹni tí ó ta ẹ̀rọ náà fún mi ti fi àdàkọ kan sí i, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀ nígbà náà. Káfè ni a ti ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì sí ọjọ́ tí n óò ti flaṣi bọ ẹ̀rọ káfè tí kò ní í kó kòkòrò bọ̀ wálé. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọdún kan ni iṣẹ́ pòórá mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló dùn mí jù: ìwé ìtàn-àròsọ kan tí mo ti tún ṣe dé ìdajì, tí ẹni tí ó ni ín ti sanwó fún mi. Mo tọrọ àforíjì, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ojú-ewé kìn-ín-ní.

Nígbà náà ni ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn fún mi ní sídíì kan nínú àpò pépà. Ubuntu 6.06 ni wọ́n kọ sí i lára. Ó ní láti òkè òkun ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí òun, òun kò sì san kọ́bọ̀, owó ìfìwéránṣẹ́ pàápàá kò sí níbẹ̀. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Òótọ́ ni. Mark Shuttleworth, ọmọ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 2004, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì ń pín sídíì wọ̀nyí kiri ayé lọ́fẹ̀ẹ́ títí di ọdún 2011. Inú àwọn èdè bíi Súlú àti Xhosa ni wọ́n ti mú orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé àwọn ènìyàn ẹlòmíràn ni wọ́n sọ ènìyàn di ènìyàn. Èmi tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí tọ́, tí mo sì mọ̀ pé igi kan kì í dá igbó ṣe, orúkọ yẹn wọ̀ mí lára kí n tó ṣí sídíì náà rárá.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí Linux jẹ́ fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1983, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Richard Stallman kéde pé òun fẹ́ kọ odidi ètò tí yóò máa darí kọ̀ǹpútà, tí ẹnikẹ́ni yóò lè lò, tí yóò lè tú wò, tí yóò lè tún ṣe, tí yóò sì lè fún aládùúgbò rẹ̀. GNU ni ó pè é. Ní ọdún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, Linus Torvalds, kọ ọkàn ètò náà, èyí tí ó ṣẹ́kù. Àpapọ̀ iṣẹ́ wọn, àti ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn mìíràn, ni ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Linux lónìí.

Àwọn òyìnbó ní wàhálà kan tí àwa kò ní. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, «free», ni wọ́n ń fi pe ohun tí a kò sanwó fún, òun náà ni wọ́n sì fi ń pe ohun tí kò sí lábẹ́ ìdè. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Stallman ti ń ṣàlàyé fún ayé pé èkejì ni òun ń sọ, kì í ṣe èkínní. Bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni, kò ní í lálàyé kankan ṣe. Ọ̀fẹ́ wà lọ́tọ̀, òmìnira wà lọ́tọ̀. Ohun ọ̀fẹ́ ni a fi í tọrẹ, òmìnira ni a fi í ṣiṣẹ́. Mo mọ ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì láti kékeré, ṣùgbọ́n ó gbà mí ní ọdún púpọ̀ kí n tó mọ èyí tí mo gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi nínú àpò pépà yẹn.

Ọ̀fẹ́ ni mo kọ́kọ́ rò pé ó jẹ́, ìdí sì nìyẹn tí mo fi bínú nígbà tí ó ń yọ mí lẹ́nu. Ní nǹkan bí ọdún 2009, móódẹ́mù kéékèèké tí à ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ gbòde. Mo ra ọ̀kan, mo tì í bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ mi sì ń wò ó bí ẹni pé sídíì ni. Ìdí ni pé àwọn tí ó ṣe é ti kó ètò Windows sínú rẹ̀, wọ́n sì ṣe é kí ó kọ́kọ́ fara hàn bíi sídíì kí ó tó di móódẹ́mù. Ẹnì kan ti kọ ètò kan tí ń jẹ́ usb_modeswitch tí yóò pàṣẹ fún un pé kí ó yí padà, ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ètò náà wà. Kí n tó lè rí íntánẹ́ẹ̀tì lò nílé, mo ní láti kọ́kọ́ ní íntánẹ́ẹ̀tì. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí káfè ní Àgbowó, mo gbà á sórí flaṣi, mo padà sílé, ó tún ku ètò kan tí ètò náà nílò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ tí mo sì bọ̀ ní ọjọ́ náà.

Ti iná mànàmáná ńkọ́? Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gba àtúnṣe tuntun sára, ìdajì ètò yóò jẹ́ ti àná, ìdajì yóò jẹ́ ti òní, nígbà tí iná bá sì padà dé, ojú dúdú lásán ni ẹ̀rọ yóò fi kí ọ. Àṣẹ kan wà tí à ń tẹ̀ láti fi tún un tò, sudo dpkg --configure -a. Mo mọ̀ ọ́n sórí bí mo ti mọ orúkọ ara mi. Mo ti fi àtùpà tẹ̀ ẹ́ rí.

Nǹkan mìíràn kì í ṣe ẹ̀bi Linux rárá. Fọ́ọ̀mù kan wà tí ọ́fíìsì kan ní kí a kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n tí kò ṣeé ṣí àfi pẹ̀lú Internet Explorer. Àwọn òǹkọ̀wé a máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú fọ́ǹtì àtijọ́, irú èyí tí wọ́n yọ àmì mìíràn kúrò nínú rẹ̀ kí wọ́n lè rí ibi fi lẹ́tà Yorùbá sí; bí n kò bá ní fọ́ǹtì náà gan-an, ohun tí n óò rí ni àmì owó àti àmì ìbéèrè láàárín ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ń lo Linux ní àdúgbò wa dà bí ìyá àgbà tí ó ń sọ Yorùbá nínú ilé tí gbogbo ọmọ-ọmọ ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Wọ́n gbọ́ ohun tí ó wí. Wọn kàn kò dá a lóhùn ní èdè rẹ̀ ni.

Síbẹ̀, n kò fi í sílẹ̀. Kòkòrò kò jẹ iṣẹ́ mi mọ́. Ohun kejì sì ni pé ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí àtẹ bọ́tìnnì tí wọ́n pè ní ti Nàìjíríà, tí Yorùbá sì wà lábẹ́ rẹ̀, láìjẹ́ pé mo ra ohunkóhun tàbí tọrọ ohunkóhun. Mo yàn án, mo tẹ ẹ, mo tẹ ọ, mo tẹ ṣ. Ìdùnnú ọjọ́ náà kò kéré.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ọ̀rọ̀ àpótí. Lẹ́yìn ìsìnkú ìyá mi ni mo tó mọ ibi tí àpótí yẹn ti wá, ìtàn náà sì yà mí lẹ́nu. Gbogbo lẹ́tà tí à ń tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìwé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Unicode. Lẹ́tà À ní nọ́ńbà tirẹ̀, nítorí pé àwọn Faransé àti àwọn ará Yúróòpù mìíràn ń lò ó. Lẹ́tà ẹ àti ọ ní nọ́ńbà tiwọn. Àwọn ará Vietnam náà ń lò wọ́n, torí pé àmì abẹ́ lẹ́tà jẹ́ ọ̀kan lára àmì ohùn èdè wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ àti ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ó jẹ́ tiwọn. Ẹ ni a óò kọ́kọ́ kọ, a óò wá kọ àmì ohùn tẹ̀ lé e bí ohun ọ̀tọ̀, fọ́ǹtì ni yóò sì gbé àmì náà gun orí lẹ́tà. Unicode sì ti pinnu pé òun kò ní í fi nọ́ńbà kan ṣoṣo fún irú àkópọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí fọ́ǹtì kò bá mọ àmì náà, àpótí ni yóò fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ wá wo Àbẹ̀kẹ́ lójú ẹ̀rọ atẹ̀wé náà. Faransé gba À sílẹ̀. Vietnam gba ẹ méjèèjì sílẹ̀. Àmì ohùn orí ẹ, èyí tí ó jẹ́ tiwa gan-an, ni kò rí ẹni gbà á sílẹ̀.

Ní ọjọ́ yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó sídìí ẹ̀rọ náà kò ní èrò burúkú kankan. Èrò pọ̀ lẹ́yìn mi, ariwo jẹnẹrétọ̀ gba gbogbo ilé. Ó ní, «Bàbá, ẹ máà bínú, ẹ jẹ́ ká yọ gbogbo àwọn àmì yìí kúrò. Àwọn ènìyàn á mọ̀ ọ́n kà bẹ́ẹ̀ náà.» Mo ní kí ó ka gbólóhùn kan fún mi nínú ìtàn ìgbésí ayé ìyá mi, lẹ́yìn tí ó ti yọ àmì inú rẹ̀. Èlùbọ́ ni ìyá mi tà ní ọjà Bódìjà, owó èlùbọ́ ló sì fi ra ọkọ̀ fún bàbá mi. Mo ti kọ ọ́ pé, «Ó ra ọkọ̀ fún ọkọ rẹ̀.» Ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ báyìí ni «O ra oko fun oko re.» Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, «Oko ni wọ́n rà, àbí ọkọ?» Èmi náà rẹ́rìn-ín, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé omi ti dé ojú mi. Ọkọ̀ yẹn ni iṣẹ́ tí ìyá mi ṣe láyé. Bí ẹnikẹ́ni bá kà á ní oko, iṣẹ́ náà ti nù.

Ó gbé ìjókòó fún mi. Lẹ́yìn wákàtí kan, a rí ọgbọ́n dá. Mo padà sílé, mo sọ ìwé náà di PDF pẹ̀lú fọ́ǹtì nínú rẹ̀, kí ẹ̀rọ wọn má baà ní ohunkóhun láti yàn. Ó jáde bí mo ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú gbogbo àmì. Mo rò pé ó tán.

Kò tán. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ìsìnkú, wọ́n pè mí láti Àgbowó pé mo gbàgbé ojú-ewé ìdúpẹ́. Ó ti rẹ̀ mí, iná sì ti lọ. Bátìrì ẹ̀rọ mi kò lè gbé ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Mo kọ ọ́ kíákíá, mo sì fi fáìlì lásán ránṣẹ́ sí wọn, n kò sọ ọ́ di PDF. Mo mọ ohun tí ó yẹ kí n ṣe, n kò ṣe é. Ní ọ̀la, nígbà tí a dé ibi àsè, àbúrò ìyá mi gbé ìwé náà, ó ṣí i láti ẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe, ó fi awò ojú rẹ̀ sún mọ́ ojú-ewé ìdúpẹ́. Ó pè mí. Ó ní, «Ọmọ mi, kí ni fèrèsé yìí ń ṣe lára orúkọ ẹ̀gbọ́n mi?»

N kò rí èsì fún un. Mo dọ̀bálẹ̀ pé ẹ má bínú, Màmá, ẹ̀rọ ni. Ó ní, «Ẹ̀rọ ni, àbí ìwọ ni?»

Ìbéèrè yẹn kò kúrò lára mi. Bí ó bá jẹ́ pé ètò tí a rà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ni mo lò, n óò lè ráhùn sí ilé-iṣẹ́ náà, ìráhùn náà yóò sì tù mí lára díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń lò kò ní ẹnu-ọ̀nà tí mo lè dúró sí kí n máa pariwo, nítorí pé ẹnu-ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀. Bí Yorùbá kò bá pé lórí ẹ̀rọ mi, kò sí ẹni tí ó dí mi lọ́wọ́ pé kí n má wọlé láti tún un ṣe. Èyí ni apá òmìnira tí ó wúwo. Ẹni tí a fún ní ohun ọ̀fẹ́ lè dúró kí ó máa retí sí i; ẹni tí ó gba òmìnira ti gba ọkọ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó ti ro oko yìí ṣáájú mi. Níhìn-ín ní Ìbàdàn ni Túndé Adégbọlá dá Alt-i sílẹ̀, tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí bí ẹ̀rọ yóò ṣe gbọ́ èdè Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ láti orí àtẹ bọ́tìnnì títí dórí ohùn. Láàárín ọdún 2000 sí 2010, àwọn kan gbé Wazobia Linux jáde ní Nàìjíríà, kí Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò lè gba ojú ẹ̀rọ. Nínú Linux tí gbogbo ayé ń lò, àkójọ kan wà fún Yorùbá tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ yo_NG. Ẹni tí ó bá yàn án, ẹ̀rọ lè pe ọjọ́ ní Ajé àti Ìṣẹ́gun fún un. Ẹnì kan ló jókòó kọ ìyẹn, láìgba owó. Bóyá iná lọ mọ́ ọn lójú ní ẹ̀ẹ̀melòó kan.

Lọ́dún tí ó tẹ̀ lé ìsìnkú náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìtumọ̀ gbólóhùn díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ náà le ju bí mo ṣe rò lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè ni iṣẹ́ mi. Ẹ mú «Save». Mo kọ́kọ́ kọ «fi pamọ́». Mo fi han aládùúgbò mi kan tí ó ń ta aṣọ, ó ní, «Pamọ́ fún ta ni?» Òtítọ́ ni, ohun tí a bá fi pamọ́ lè jẹ́ ohun tí a kò fẹ́ kí ẹlòmíràn rí. Mo yí i sí «tọ́jú». Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ní aláìsàn ni à ń tọ́jú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbà lọ́wọ́ wa. Mo fi í sílẹ̀ fún ọdún kan gbáko, mo tún padà, mo tún fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbólóhùn ló ṣì wà níbẹ̀ tí kò tíì ní Yorùbá, bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹnì kan bi mí léèrè lẹ́nu àìpẹ́ yìí pé kí ló dé tí mo ń fi Linux pọ́n ara mi lójú, nígbà tí gbogbo ayé ti fi í sílẹ̀. Mo ní kí ó mú fóònù rẹ̀ jáde. Android ni. Mo sọ fún un pé Linux ló wà lọ́kàn rẹ̀, pé ó wà lọ́wọ́ alátà, ó wà lọ́wọ́ oníṣẹ́ pákó ní ọjà Bódìjà, àti pé láti oṣù kọkànlá ọdún 2017, gbogbo ẹ̀rọ 500 tí ó lágbára jù lọ láyé nínú àkójọ tí wọ́n ń pè ní TOP500 ló ń lò ó. Ó ní òun kò mọ̀. Mo ní kí ó kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sórí fóònù náà fún mi. Ó kọ ọ́ láìsí àmì kankan. Mo fi bí yóò ṣe yan àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá hàn án, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí ó tó rí ibi tí àmì náà wà, torí pé kò tíì wá a rí.

Ìwé ètò ìsìnkú ìyá mi ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ bá sú mi, mo máa ń ṣí i láti ẹ̀yìn, bí àbúrò ìyá mi ti ṣe. Fèrèsé méjèèjì ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, n óò pa á dé, n óò padà sídìí iṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, «Cancel» ló kàn. Mo ti kọ «fagi lé», mo sì ń dúró kí aládùúgbò mi ti ọjà dé kí ó bá mi kà á.